Nọ́ọ̀sì hospice tó ń wá tọ́jú aláìsàn nílé: ohun tí ẹ ó rí gbà àti ibi tó ti ń já kulẹ̀

Nígbà tí dókítà bá ti sọ pé jẹjẹrẹ ti ràn dé ẹ̀dọ̀ tàbí eegun, tí iṣẹ́ abẹ àti kẹ́mò (oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ) kò sì lè lé e mọ́, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń gbé aláìsàn wọn padà sílé láìsí ẹni tó sọ ohun tó kàn fún wọn. Ìrora á gbòde. Ọmọ á máa sá láti kẹ́míìsì kan dé èkejì, ìyàwó ò ní fojú kan oorun. Nọ́ọ̀sì hospice, ìyẹn nọ́ọ̀sì tó ń mú ara tu ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ṣe é wò sàn mọ́, ló ń wọlé níbi tí ọ̀rọ̀ bá dé yìí. UCH, ọsibítù ńlá Yunifásítì ní Ìbàdàn, ní ẹ̀ka tó ń ṣe iṣẹ́ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo sì wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. FMC (ọsibítù ìjọba àpapọ̀) ní Abẹ́òkúta àti UITH (ọsibítù Yunifásítì) ní Ìlọrin náà ní tiwọn. Apá tí nọ́ọ̀sì ti ń wá bá aláìsàn nínú ilé là ń yẹ̀ wò níbí. Lójú tiwa, bí ẹni tó ń ṣe é bá mọ̀ ọ́n ṣe, ìdílé aláìsàn jẹjẹrẹ kò lè rí ìrànlọ́wọ́ tó ju èyí lọ. Ẹ wo ohun tí nọ́ọ̀sì fọwọ́ ṣe àti ohun tó kọ sílẹ̀ kó tó jáde nílé, ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ aláàánú.

Wíwá àkọ́kọ́ kì í yá. Nọ́ọ̀sì tó bá wọlé tó jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò tíì ṣe nǹkan kan. Ó yẹ kó fa àpótí jókòó, kí ojú rẹ̀ àti ojú aláìsàn lè ṣe déédéé, kó sì bá aláìsàn fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó kọjú sí àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ á ti pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì: “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màmá pé jẹjẹrẹ ni.” Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí. Àwọn kan á gbà láti purọ́, àwọn mìíràn á kàn là á mọ́lẹ̀ lójú Màmá. Èyí tó mọṣẹ́ á ní, “Mi ò ní sọ ohun tí wọn ò bi mí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi mí, mi ò ní purọ́ fún wọn.” Lẹ́yìn náà ló máa bi Màmá pé, “Kí ni wọ́n ti sọ fún yín nípa àìsàn yìí, Mà?” Lọ́pọ̀ ìgbà, Màmá ti mọ̀ tipẹ́, àwọn ọmọ ni ó ń fi pamọ́ fún.

Ìrora ni olórí iṣẹ́. Ìka ọwọ́ márùn-ún ni wọ́n sábà fi ń wọ̀n ọ́n: ọwọ́ dídì túmọ̀ sí pé kò sí ìrora, ìka márààrún túmọ̀ sí pé kò ṣe é fara dà. Ẹni tí kò kàwé pàápàá lè dáhùn. Bí Panadol àti irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò bá ká a mọ́, mọ́fíìnì olómi, oògùn ìrora tó lágbára, ló kàn. Èyí tí kò le máa ń ní mílígíráàmù 5 nínú mílílítà 5. Dókítà ló ń kọ ọ́. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ti rọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti mílígíráàmù 2.5, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣe dáadáa á máa lo díẹ̀, tàbí kí àlàfo àárín ìgbà tó ń lò ó gùn sí i. Wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń lò ó: aago mẹ́fà àárọ̀, mẹ́wàá, méjì ọ̀sán, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mẹ́wàá alẹ́. Ti aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n sábà máa ń sọ di ìlọ́po méjì, kí aláìsàn lè sùn di ọjọ́ kejì láìjẹ́ pé wọ́n jí i lóru. Bí ìrora bá yọjú kí àkókò tó pé, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n á fi kún un, wọn á sì kọ aago rẹ̀ sílẹ̀. Tí irú àfikún bẹ́ẹ̀ bá ń pọ̀ lójúmọ́, ó yẹ kí nọ́ọ̀sì pe dókítà kó gbé ìwọ̀n tó wà nílẹ̀ sókè.

Ṣíbí ni ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ jù nínú ilé. Ṣíbí ìjẹun ńlá ń gba nǹkan bíi mílílítà 15. Bí wọ́n bá fi í wọn oògùn ẹni tó yẹ kó mu mílílítà 5, ìlọ́po mẹ́ta ló mu yẹn. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ máa ń fi sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ sílẹ̀, á lẹ pílásítà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ibi tí oògùn gbọ́dọ̀ dé, á sì ní kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn fà á lójú òun kí òun rí i. Ọjọ́ kan náà tí mọ́fíìnì bẹ̀rẹ̀ ni Dulcolax, oògùn tó ń jẹ́ kí èèyàn lè yàgbẹ́, tàbí irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí mọ́fíìnì máa ń mú kí ìfun lọ́ra, ìgbẹ́ á sì le bí òkúta. Èébì àti oorun ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ sábà máa ń lọ. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá ń mí lọ́ra gan-an, tí wọ́n sì jí i jí i tí kò jí, ìpè kíákíá ni. Ní ti ẹ̀rù pé mọ́fíìnì á sọ Bàbá di ajoògùnyó tàbí pé á pa á, ìwọ̀n tó tọ́ fún ẹni tó ń jẹ̀rora kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn má ṣe dá a dúró lójijì.

Egbò jẹjẹrẹ ọmú ni iṣẹ́ tí a ti ń mọ ọwọ́ nọ́ọ̀sì jù. Òórùn rẹ̀ lè lé àlejò jáde, aláìsàn fúnra rẹ̀ á sì yọ́ ara rẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́ ló ń fa òórùn náà. Nọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ tọrọ àyè kó tó ká aṣọ sókè. Bándéèjì tó bá lẹ̀ mọ́ egbò, kì í fà á ya o, ẹ̀jẹ̀ lè tú jáde. Omi iyọ̀ ni ó ń dà sí i títí yóò fi rọ̀. Ṣíbí tíì kan iyọ̀ nínú ìdajì lítà omi tí wọ́n sè tí wọ́n jẹ́ kó tutù ló tó. Lẹ́yìn ìfọ̀, á lọ Flagyl oníhóró, oògùn tó ń pa àwọn kòkòrò yẹn, kúnná, á wọ́n ọn sójú egbò, á sì fi gọ́ọ̀sì bò ó. Láàárín ọjọ́ mélòó kan òórùn máa ń dín kù gan-an, àwọn ọmọ-ọmọ á sì tún lè jókòó ti Màmá-àgbà.

Àwọn yòókù jẹ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́ tó yẹ kó kọ́ ilé: kí wọ́n máa yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì méjì, kí wọ́n fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún, kí wọ́n má ṣe wọ́ ọ lórí ibùsùn, kí wọ́n má sì fọwọ́ ra ibi tó bá ti ń pọ́n. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ìyá ọkọ á ní ìyàwó fẹ́ febi pa ọmọ òun, wọ́n á sì máa fi ipá da ẹ̀kọ mímu sẹ́nu ẹni tí kò lè gbé e mì mọ́, omi á gba ọ̀nà èémí lọ. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ jókòó ṣàlàyé pé ara tó ń lọ sópin kì í béèrè oúnjẹ, kó sì fún wọn ní iṣẹ́ mìíràn ṣe: kí wọ́n fi omi tútù ra ètè, kí wọ́n fi Vaseline pa á, kí wọ́n fọ ẹnu. Kó tún sọ tẹ́lẹ̀ pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á tutù, pé èémí á máa dá dúró á tún máa bẹ̀rẹ̀, pé ọ̀fun lè máa hó, tí yíyí i sí ẹ̀gbẹ́ sì máa ń mú un rọlẹ̀. Ìdílé tí wọ́n ti sọ fún kì í sábà sáré gbé aláìsàn wọ mọ́tò lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì láàjìn.

Ibi tó kù sí náà wà, ó sì dùn wá. Òru ni olórí rẹ̀: nọ́ọ̀sì kò pọ̀, ọ̀nà jìn, epo wọ́n, fóònù nìkan ni ẹ ó rí lò nígbà mìíràn. Mọ́fíìnì fúnra rẹ̀ a máa wọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Uganda, wọ́n ti gba nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀kọ́ hospice láyè láti ọdún 2004 kó máa kọ mọ́fíìnì fúnra rẹ̀, ó sì yẹ kí tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Àpò ìdílé ni owó sábà ti ń jáde. Àwọn dókítà mìíràn sì ń rán aláìsàn wá nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀, tí kò sí àkókò mọ́ láti ṣe gbogbo ohun tí a kà sókè yìí.

Kí ẹ tó gba nọ́ọ̀sì hospice, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: ta ni a ó pè lóru, ṣé mọ́fíìnì wà nílẹ̀ báyìí, àti bóyá wọ́n á tún yọjú sí ìdílé lẹ́yìn ìsìnkú. Èyí tó kẹ́yìn yẹn wà lára iṣẹ́ náà, nítorí ọkọ tàbí aya tó kù sílẹ̀ a máa ní ìbéèrè nípa bóyá òògùn tí olóògbé mu kẹ́yìn ló pa á. Ọjọ́ yẹn náà ni nọ́ọ̀sì á gba ìgò mọ́fíìnì tó ṣẹ́ kù padà sí ọsibítù. Ẹ má ṣe fún aládùúgbò tí ẹ̀yìn ń dùn.