Firefox àti fídíò: ohun tí mo rí sí i

Ariwo ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Firefox, ètò tí a fi ń ṣí ojú-ìwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kéèyàn ṣí ojú-ìwé láti ka nǹkan jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí fídíò ìpolówó tí kò pè ṣàdédé bú sí i létí, mi ò gbà á. Láti ẹ̀dà 66 tó jáde ní 2019 ni Firefox ti ń dí irú wọn lẹ́nu, àfi téèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Chrome, irú ètò bẹ́ẹ̀ ti Google, ti ṣe tiẹ̀ ní 2018, ṣùgbọ́n ó máa ń wo bí a ṣe ń lo ojúlé kan sí: ibi tí a bá ti máa ń wo fídíò dáadáa, á jẹ́ kó pariwo. Èmi fẹ́ kó jẹ́ pé èmi ni mo pàṣẹ.

Fèrèsé kékeré tí Firefox ní fún fídíò ló wá dùn mọ́ mi jù. Ẹ gbé máòsì sórí fídíò, bọ́tìnnì kan á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́, fídíò á já kúrò nínú ojú-ìwé, á wá jókòó sórí ohunkóhun tí ẹ bá ń ṣe. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ máa ń wà ní igun ìsàlẹ̀, èmi á sì máa kọ tèmi lọ. Ó lè ṣí méjì mẹ́ta pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ ẹni tí etí rẹ̀ gbà á.

Irú fáìlì ni ibi tó kù sí. HEVC, irú fáìlì tí iPhone fi ń ya fídíò, kò ṣí nínú Firefox títí di 2025, nítorí pé àwọn tó ni ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ń gba owó. Ọ̀fẹ́ ni AV1, irú fáìlì fídíò mìíràn, ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí kò bá ní ẹ̀yà tó ń tú u sí àwòrán á fi agbára ara rẹ̀ ṣe é: fáànù á máa hó, bátìrì á máa sáré lọ sílẹ̀. Ẹ kọ about:support síbi àdírẹ́sì, kí ẹ wo apá Media. Ó sọ èyí tí kọ̀ǹpútà yín ní ẹ̀yà fún. Tèmi kò ní ti AV1, mo bá fi àfikún kan sínú Firefox, èyí tó ń mú kí YouTube fi H.264, irú fáìlì fídíò mìíràn, ránṣẹ́. H.264 kì í kọjá 1080p (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe mọ́ kedere tó) níbẹ̀, ṣùgbọ́n fáànù ti dákẹ́, ojú mi kò sì mọ ìyàtọ̀.