Protein Data Bank: ẹ lọ wo hẹmoglóbìn fúnra yín

Ibi ìkójọpọ̀ tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí ni Protein Data Bank (PDB): láti ọdún 1971 ni wọ́n ti ń kó ìrísí púrótéènì jọ síbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ tẹ kóòdù 4HHB sínú àpótí ìwárí rẹ̀: hẹmoglóbìn ènìyàn, púrótéènì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ọ́síjìn, ni yóò yọ, okùn mẹ́rin tó wé mọ́ra, átọ́mù irin kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, níbi tí ọ́síjìn máa ń so mọ́.

Ẹ wá tẹ 2HBS, ti àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ní ipò kẹfà lára okùn bẹ́tà (méjì nínú okùn mẹ́rin náà), amino acid (èròjà tí wọ́n fi hun okùn púrótéènì) tó ń jẹ́ valine ti gba àyè èyí tó ń jẹ́ glutamic acid. Valine kì í bá omi rẹ́, ló bá lọ lẹ̀ mọ́ hẹmoglóbìn kejì. Mo ń yí àwòrán náà títí mo fi rí ojú ibi tí wọ́n ti so pọ̀. Àyà mi já. Amino acid kan péré nínú 146 tó wà lára okùn bẹ́tà kan!

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, apá PDB-101, ibi ẹ̀kọ́ tí PDB ní, ni kó kọ́kọ́ yà sí.