Ẹ̀rọ BP tí wọ́n ń wé mọ́ apá: ó dáa o, ṣùgbọ́n ẹ wọn apá yín kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹni tó ń kánjú lè máa lọ. Ẹ̀rọ BP oníbátìrì (èyí tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) tí wọ́n ń wé mọ́ apá lókè ni kẹ́ ẹ rà, ẹ fi èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́ sílẹ̀, kẹ́ni kẹ́ni má sì tàn yín pé tẹ́ ẹ bá fi ìka lé kámẹ́rà fóònù ó máa bá yín wọn BP. Tiwa, màámi la rà á fún, ní ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta nǹkan ọsibítù nítòsí UCH n'Ìbàdàn, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló ti sọ ọ́ di tiwọn báyìí, títí kan ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ti ń sọ ọ́ látayébáyé pé kò sí BP lára òun.

Ohun tó wà nínú páálí ò pọ̀. Ẹ̀rọ fúnra ẹ̀, kọ́ọ̀fù (aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá yẹn), bátìrì kékeré mẹ́rin, àti ìwé ìlò tí lẹ́tà ẹ̀ rí bí ẹsẹ̀ èèrà. Ẹ̀rọ fún àgbàlagbà, ìwé fún ẹni ogún ọdún, ó yà mí lẹ́nu gan-an. Ojú ẹ̀rọ náà fẹ̀ ṣá, nọ́ńbà ẹ̀ tóbi débi pé màámi ń kà á láìwá awò ojú. Ó ní ihò tí wọ́n lè ki wáyà iná bọ̀ ṣùgbọ́n wáyà ọ̀hún ò sí níbẹ̀, ẹ máa rà á lọ́tọ̀ ni, àwa ò tiẹ̀ rà á torí bátìrì náà ń tọ́jọ́, NEPA mú iná lọ o, wọn ò mú un lọ o, kò kàn án.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ dùn mọ́ mi. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ bọ́tìnì, á fẹ́ atẹ́gùn sínú kọ́ọ̀fù títí á fi fún iṣan ẹ̀jẹ̀ apá yín pa, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á wá máa tú atẹ́gùn yẹn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ráyè kọjá padà iṣan á máa gbọ̀n, ìgbọ̀n yẹn ni ẹ̀rọ fi ń ṣírò nọ́ńbà tòkè àti tìsàlẹ̀. Kì í gbọ́ ìró kankan bíi ti nọ́ọ̀sì tó ń ki nǹkan bọ etí. Dókítà ará Ítálì kan, Scipione Riva-Rocci, ló gbé ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀fù jáde lọ́dún 1896, nígbà tó di 1905 ni Nikolai Korotkoff, ará Rọ́ṣíà, wá ní kí wọ́n máa tẹ́tí gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ nísàlẹ̀ ẹ̀. Mẹ́kúrì ló wà nínú ẹ̀rọ gígùn ayé ijọ́un yẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ mmHg (mìlímítà mẹ́kúrì) sẹ́yìn nọ́ńbà títí dòní, bẹ́ẹ̀ májèlé ni mẹ́kúrì, àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí mẹ́kúrì ní 2013 sì ní kí wọ́n yé ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó bá di 2020.

Ó wá kan kọ́ọ̀fù, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Èyí tó ń wà nínú ọ̀pọ̀ páálí, apá tí àyíká ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22 sí 32 ló wà fún. Ẹ dákun, àwọn ìyá wa mélòó ni apá wọn wà níbẹ̀? Tí kọ́ọ̀fù bá kéré ju apá lọ, nọ́ńbà tó máa gbé jáde á ga ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á wá kó oògùn lé ẹni tí ò yẹ kó lo tó bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin tó tajà fún wa ní "ọ̀kan náà ni gbogbo wọn", irọ́ ni jàre. Ẹ mú téèpù télọ̀, ẹ wọn apá yín yípo láàárín èjìká àti ìgbọ̀nwọ́, kẹ́ ẹ wá wo iye tí wọ́n kọ sára kọ́ọ̀fù. Èyí tó gba 22 sí 42 wà, òun la gbà, owó ẹ̀ lé díẹ̀ ṣùgbọ́n owó tó tọ́ọ́ san nìyẹn. Ẹ tún lè yẹ ìkànnì stridebp.org wò bóyá orúkọ ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fẹ́ rà wà lára àwọn tí wọ́n ti dán wò dáadáa, torí ayédèrú ò gbẹ́yìn lọ́jà.

Ẹ̀rọ yìí ò ní wàhálà, àwa èèyàn la ní wàhálà. Ó yẹ kẹ́ ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ná, kẹ́ ẹ fẹ̀yìn ti àga, kẹ́sẹ̀ méjèèjì fara kanlẹ̀, ẹ má gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní déédéé àyà, kọ́ọ̀fù lára awọ, kì í ṣe lórí bùbá. Kí ìtọ̀ má gbọn yín. Kọfí àti sìgá, ó kéré tán kó ti tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ ti mu ún gbẹ̀yìn. Ẹ má sì sọ̀rọ̀! Èyí tó le jù nílé wa nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni bá ti kọjá níwájú ilé màámi á ti kí i, tí n bá ní "màámi ẹ jọ̀ọ́ ẹ dákẹ́" wọ́n á ní ṣé torí ẹ̀rọ làwọn ò ṣe ní kí èèyàn mọ́ ni, nọ́ńbà á sì ti gòkè. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi bí ìṣẹ́jú kan sí àárín, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ní ọsibítù, 140/90 sókè ni wọ́n sábà máa ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n nílé 135/85 ni ààlà, torí ara máa ń balẹ̀ nílé. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti rí aṣọ funfun dókítà báyìí BP wọn á fò sókè, ẹ̀rọ ilé ló máa ń tú àṣírí ẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi yàtọ̀ ṣá o, tiẹ̀ ga nílé, ó ga lọ́sibítù, òun tó ń sọ pé tó bá ga orí á fọ́ òun. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà kan ilẹ̀kùn o. Látìgbà yẹn la ti ń jà lórí iyọ̀ àti magí nílé, àjọ WHO ní kí iyọ̀ má tó gíráàmù márùn-ún lójúmọ́, ẹ wo ìkòkò ọbẹ̀ wa kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín.

Àléébù ẹ̀: ó ń fún apá gan-an nígbà àkọ́kọ́, màámi pariwo. Tẹ́ ẹ bá mira, á kọ E síta, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àyè ẹni méjì péré ló wà láti tọ́jú nọ́ńbà sí, ilé tiwa kì í ṣe ti ẹni méjì, gbogbo ẹ̀ ti dàrú mọ́ra, ìwé lẹ́jà la wá ń lò. Fún ẹni tí àyà ẹ̀ ń lù ségesège, nọ́ńbà ẹ̀ lè má ṣeé gbára lé, kó jẹ́ kí dókítà wọ̀n ọ́n. Tí nọ́ńbà bá dáa fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má torí ẹ̀ jáwọ́ nínú oògùn, oògùn yẹn ló jẹ́ kó dáa. Tó bá sì tó 180/120 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sinmi díẹ̀, ẹ tún un wọ̀n, tó bá tún wà níbẹ̀ ẹ kàn sí dókítà lọ́jọ́ náà, tí àyà bá wá ń dunni tàbí tẹ́nu wọ́, ọsibítù ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ti ọrùn ọwọ́ yẹn, ẹni tí apá ẹ̀ tóbi ju gbogbo kọ́ọ̀fù lọ lè lò ó, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ sókè dé déédéé ọkàn, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń ta kọ́ọ̀fù lọ́tọ̀, torí òun ló máa kọ́kọ́ gbó, tí wọ́n bá ní àwọn ò tà á, ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù kejì.