Ọjọ́ Mẹ́ta Létí Adágún Windermere Nígbà Ooru

Oṣù kẹjọ ni èmi àti màmá mi lọ lo ọjọ́ mẹ́ta ní Lake District, agbègbè àwọn adágún tó wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí ni pé bí ẹ bá fẹ́ gbádùn ibẹ̀ nígbà ooru, ọkọ̀ ojú irin ni kí ẹ wọ̀ lọ, kí ẹ sì fi bọ́ọ̀sì èrò àti ọkọ̀ ojú omi rìn káàkiri.

Ọjọ́ kìíní ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo ti sanwó bọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò afẹ́ kan sílẹ̀ láti ilé, wọ́n ní yóò gbé wa dé adágún mẹ́fà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, ògiri òkúta wà lọ́tùn-ún lósì, mọ́tò sì tò lọ súà láàárín ìlú Bowness àti Ambleside létí Windermere. Nígbà tí a fi máa dé abúlé Grasmere, ogún ìṣẹ́jú péré ni wọ́n fún wa. Màmá mi ò tíì na ẹsẹ̀ wọn dáadáa tí wọ́n ti ń pè wá padà. A ò fojú kan Dove Cottage, ilé tí akéwì William Wordsworth gbé láti 1799 sí 1808, bẹ́ẹ̀ sì rèé, torí rẹ̀ ni mo ṣe sanwó. Ó dùn mí gan-an.

Lọ́jọ́ kejì a wọ bọ́ọ̀sì èrò nọ́ńbà 599, alájà méjì tí kò ní òrùlé lókè. Ẹ rí i pé òkè lẹ jókòó sí o! Ẹ̀ka igi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí gèlè màmá mi, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. A padà sí Grasmere, a wo ilé Wordsworth títí ó fi tẹ́ wa lọ́rùn, a sì tò sẹ́nu ọ̀nà ilé kékeré tí Sarah Nelson ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta gingerbread, ìpápánu aládùn tí wọ́n fi atalẹ̀ sí, ní 1854. Atalẹ̀ inú rẹ̀ ta dé ọ̀fun. Ìdì mẹ́ta ni màmá mi rà.

Ọkọ̀ ojú omi la wọ̀ láti Ambleside padà sí Bowness. Windermere ni adágún àdáyébá tó tóbi jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 17. Èmi tí mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀, inú mi dùn láti gbọ́ pé “adágún” ni “mere” túmọ̀ sí nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ẹni tó bá wá ní “Lake Windermere” ti pe adágún lẹ́ẹ̀mejì. Nínú gbogbo àwọn adágún ńláńlá ibẹ̀, Bassenthwaite nìkan ni “Lake” wà nínú orúkọ rẹ̀ gan-an.

Ṣùgbọ́n Orrest Head tí a gùn lọ́jọ́ kẹta ló gba ọkàn mi. Òkè kékeré ni, kò tó mítà 240, ọ̀nà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Windermere. Ìdajì wákàtí tó ẹlòmíràn. Wákàtí kan ó lé la lò, torí màmá mi ń sinmi lórí gbogbo bẹ́ǹṣì tí a bá kàn. A ò san kọ́bọ̀. Bí a ṣe yọ sókè báyìí, adágún náà na gbalaja nísàlẹ̀, àwọn ọkọ̀ funfun tò lójú omi bí lékeléke, òkè sì yọ lẹ́yìn òkè. Ibẹ̀ ni Alfred Wainwright ti kọ́kọ́ rí àwọn òkè wọ̀nyí ní 1930, òun ló wá lo ọ̀pọ̀ ọdún láti kọ ìwé nípa wọn. Màmá mi dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n dá orin ọpẹ́.

Ẹ mú aṣọ òjò dání, kódà nígbà ooru: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lòjò pa wá. Láti London, ibùdókọ̀ ojú irin Oxenholme lẹ ó ti sọ̀kalẹ̀ wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Windermere. Ẹ tètè gba yàrá, kó sì wà nítòsí ibùdókọ̀. A ò dé adágún Ullswater. Màmá mi ti ní ibẹ̀ ló kàn.