Ìkìlọ̀ Fún Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ń Wa Mọ́tò Oníná Ní Ìkòròdú: Ẹ Ṣọ́ra Fún Ọkùnrin Tó Ń Ta Lówà Áàmù “Oníkóòdù”

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú tẹ́ ẹ ń wa mọ́tò oníná, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Nissan Leaf tòkunbọ̀, ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà lórí WhatsApp tó ń ta lówà áàmù (irin abẹ́ mọ́tò tó di ẹsẹ̀ táyà mú), ṣọ́ọ̀kì àti bọ́ọ̀lù jọ́ǹtì (oríkèé tó so áàmù yẹn mọ́ ẹsẹ̀ táyà). Ó ní tuntun ni gbogbo rẹ̀, ó ní láti Japan ló ti ń kó o wọlé. Irọ́ funfun báláú ni. Àlòkù tó ti jẹ tán ni wọ́n kùn lọ́dà dúdú, tí wọ́n wá dì sínú páálí tuntun. Bí bọ́ọ̀lù jọ́ǹtì bá sì já lórí eré, ẹ̀yà táyà iwájú á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ yín á wà lórí sítíárì lásán. Ìdí tí mo fi ń pariwo nìyẹn, kì í ṣe torí owó nìkan.

N ò ní dárúkọ rẹ̀ síbí, torí mo ti kọ̀wé ẹ̀sùn, mi ò sì fẹ́ kó rí ohun tó máa fi ṣe àwáwí. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lẹ máa fi dá a mọ̀.

Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023 ni àwa tó sá wọ mọ́tò oníná ti ń pọ̀ sí i. Kò sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ fẹ́ pààrọ̀, kò sí púlọ́ọ̀gì. Àmọ́ abẹ́ mọ́tò kò ní ṣàì jẹ. Leaf àkọ́kọ́ tí Nissan gbé jáde lópin ọdún 2010 wúwo tó nǹkan bíi 1,500 kìlò, bátìrì abẹ́ rẹ̀ nìkan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 kìlò. Kẹ́ ẹ wá gbé ẹrù yẹn gba ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ forí lé Ìtòíkín lásìkò òjò. Bọ́ṣì (rọ́bà ìdí áàmù) wo ló fẹ́ pẹ́? Bẹ́ẹ̀, gbàrà tẹ́ ẹ bá ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni mọ́tò ọ̀hún ti ń da gbogbo agbára sórí táyà iwájú.

Tèmi ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀ lápá òsì iwájú tó bá ti gun bọ́m̀pù. Mo gbé e sókè, mo ki irin gígùn bọ abẹ́ bọ́ọ̀lù jọ́ǹtì, mo sì gbé e díẹ̀. Ó ń mì jọ̀ọ̀jọ̀. Bọ́ṣì ẹ̀yìn náà ti ya. Lówà áàmù ló kù tí mo ní láti wá, torí mo ti pààrọ̀ irú rẹ̀ rí lára mọ́tò elépo, níwájú ilé mi níbí. Ẹnì kan fún mi ní nọ́ńbà ọkùnrin yìí.

Bó ṣe gbọ́ pé èmi fúnra mi ni mo fẹ́ tún un ṣe ló figbe ta.

“Ọ̀gá mi, ẹ má fọwọ́ kàn án o! Iná inú mọ́tò yẹn lè pa gbogbo ará ilé yín. Àwọn ẹ́ńjíníà wa ló máa wá pa bátìrì ńlá ọ̀hún kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tì kankan. Wọ́n á wá fi kọ̀ǹpútà gbé kóòdù sínú áàmù tuntun.”

“Àbúrò, kóòdù wo ló ń bẹ nínú irin?”

“Ti oníná ò jọ ti elépo, sà. Tí ò bá ti ní kóòdù, mọ́tò ò ní gbéra.”

₦95,000 ni áàmù kan. Kóòdù, ₦60,000. Pípa bátìrì, ₦40,000. Mo sanwó áàmù méjèèjì, mo ní kó gbé wọn wá, kó tọ́jú kóòdù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n dúró síbí díẹ̀, torí ibí gan-an ni jìbìtì yẹn ti ń mówó wọlé. Ohun tó wà nínú lówà áàmù kò ju irin, rọ́bà, àti bọ́ọ̀lù kan tó ń yí nínú gíríìsì lọ. Wáyà kankan kò wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe to iwájú Leaf, ṣọ́ọ̀kì tó dúró gbọọrọ lókè, áàmù kan nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe to ti ọ̀pọ̀ mọ́tò elépo tó ń kọjá ní Sábó. Wáyà iná tó lágbára, tó lè pani lóòótọ́, aláwọ̀ ọsàn ni wọ́n máa ń ṣe é kí gbogbo ènìyàn lè rí i, kò sì sí ohun tó kàn yín kàn án nígbà tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ áàmù. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ti ABS (ẹ̀rọ bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há) tó lọ síbi táyà lẹ máa ṣọ́ kẹ́ ẹ má fà á já. Ewu tòótọ́ tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ni ibi tẹ́ ẹ bá gbé jáàkì sí. Ẹ má gbé e sábẹ́ ikùn mọ́tò o, bátìrì ló wà níbẹ̀. Etí abẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí wọ́n ṣàmì sí, ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kẹ́ ẹ sì fi sítáǹdì gbè é kẹ́ ẹ tó ki orí bọ abẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin yẹn ò sọ ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Kóòdù ló ń sọ.

Nígbà tí ọmọ dísípáàṣì gbé e dé, páálí ni mo kọ́kọ́ wò. Ẹ fi èyí sọ́kàn: nọ́ńbà páàtì Nissan, márùn-ún àkọ́kọ́ ló ń sọ ohun tó jẹ́. 54500 ni lówà áàmù ọ̀tún, 54501 ni ti òsì. Ọ̀tún àti òsì kì í ṣe ọ̀kan, bíi bàtà ni. 54500 ló wà lára páálí méjèèjì! Irin inú wọn, ọ̀kan jẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan jẹ́ òsì. Ẹni tó tẹ páálí kàn tẹ bébà kan náà lọ rẹ́rẹẹ́rẹ́ ni.

Mo wá wo irin fúnra rẹ̀. Ọ̀dà wà lórí rọ́bà bọ́ṣì, ó sì wà nínú ojú tí nọ́ọ̀tì ń gbà wọlé. Ilé iṣẹ́ wo ló máa ń kun rọ́bà? Irin ni wọ́n ń kùn, kí wọ́n tó fi rọ́bà sínú rẹ̀. Mo rẹ àkísà sínú tínà, mo nù ún, ọ̀dà wọ àkísà pátápátá. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ kì í ṣí bẹ́ẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀, irin ti dógùn-ún, ó ti jẹ ihò wẹẹrẹ-wẹẹrẹ. Bọ́ọ̀lù jọ́ǹtì le nígbà tí mo kọ́kọ́ yí i, inú ẹlòmíì ì bá ti dùn. Mo ń yí i lọ, mo ń yí i bọ̀, títí gíríìsì kíki tí wọ́n rọ sínú rẹ̀ fi gbóná. Ló bá ń ṣe jọ̀ọ̀jọ̀ bíi ti èyí tí mo fẹ́ yọ kúrò. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, ojú òòlù wà lára ìdérí rẹ̀: ńṣe ni wọ́n lù ú kó lè fún.

Mo ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ wo èsì tó fọ̀ fún mi: “Ọ̀gá, tínà tẹ́ ẹ fi nù ún ló ti fọ kóòdù rẹ̀ kúrò. Ẹ ti bà á jẹ́, a kì í gbà á padà.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àmọ́ owó mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dí mi lọ́nà kí n má pè é mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbọ́ ti ìyá kan ní Ìgbògbò, tó sanwó fún áàmù, kóòdù àti pípa bátìrì. “Ẹ́ńjíníà” wọn wá, ó so fóònù mọ́ mọ́tò, ó tẹ̀ ẹ́ ṣáá, ó ní kóòdù ti wọlé. Kò pẹ́ tí ariwo fi padà. Ọpẹ́lọpẹ́ mẹkáníìkì àdúgbò wọn tó wo abẹ́ rẹ̀ kí màmá tó gbé ọmọ-ọmọ wọn lọ sílé ìwé.

N ò sọ pé kẹ́ ẹ má ra àlòkù o. Àlòkù gidi wà ní ọjà páàtì Owódé Onírin àti ti Ládípọ̀. Ẹni tó ń tà á á sọ fún yín pé àlòkù ni, owó rẹ̀ á sì jọ ti àlòkù. Ti bọ́ọ̀lù jọ́ǹtì nìkan lèmi ò ní fọwọ́ sí, tuntun ni kẹ́ ẹ rà, ì báà jẹ́ èyí tí kì í ṣe ti Nissan. Ẹ fún ọlọ́jà ní nọ́ńbà ṣaṣí mọ́tò yín kó fi wá nọ́ńbà páàtì tó bá a mu. Tó bá ń lọ́ tìkọ̀, ẹ máa lọ. Ẹ rí ọjà kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ mú àkísà àti tínà dání. Ẹni tí ọjà rẹ̀ jẹ́ tuntun ò ní bínú. Tẹ́ ẹ bá sì ń dè é, ẹ má fún bóòtì bọ́ṣì pa nígbà tí táyà ṣì wà lókè. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò jókòó lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ rọ́bà á lọ́, á sì tètè ya. Ẹ lọ ṣe àláìmẹ́ǹtì (kí wọ́n to táyà kó dọ́gba) lẹ́yìn ìyẹn.

Mo ti gbé ẹ̀sùn lọ sí LASCOPA, ilé iṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń gbèjà oníbàárà. Òfin àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, sílẹ̀ náà fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà, nítorí náà “a kì í gbà á padà” ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá ti rà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má ju páálí nù, ẹ má sì pa ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ sọ lórí fóònù rẹ́. Ẹ fi fọ́tò nọ́ńbà ara páálí àti rìsíìtì báńkì ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, màá so ó mọ́ tèmi àti ti ìyá Ìgbògbò. Ó ti pààrọ̀ láìnì fóònù báyìí, fọ́tò mọ́tò pupa ló sì fi síwájú. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ “kóòdù”, òun náà ni.