Iṣẹ́ confocal fún asẹ́ omi: àwòrán wọn dáa, àmọ́ kì í ṣe gbogbo asẹ́ ló wà fún

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ lórí asẹ́ omi ní Àkúrẹ́ níbí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka dìgírì kejì tàbí ìkẹta (PG) ní yunifásítì FUTA, tẹ́ ẹ bá ń rò ó pé kẹ́ ẹ fi membrane yín (awẹ́ asẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn) ránṣẹ́ sí láàbù kí wọ́n fi confocal, ìyẹn maikirosikóòpù tó ń fi lésà yàwòrán, yà á fún yín, ó tó ohun téèyàn ń náwó sí, ṣùgbọ́n ó níbi tó ń ṣe é dé o.

Cellulose oníhò 0.45 µm (µm kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà) lèmi fi ránṣẹ́, èyí tí mo ti fi sẹ́ omi odò Àlà (ẹni tó bá mọ Àlà lẹ́yìn òjò á mọ nǹkan tí mò ń sọ). Tó bá jẹ́ SEM (maikirosikóòpù tó ń fi elektirónì yàwòrán) ni, wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ ẹ́, wọ́n á fi góòlù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, ojú òde nìkan lẹ ó sì rí àfi tẹ́ ẹ bá dá a sí méjì nínú nitrogen olómi. Confocal ò rí bẹ́ẹ̀, tòun ti omi lára ẹ̀ ni wọ́n ṣe yà á. Lésà ni wọ́n ń tàn sójú kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, ihò bíńtín kan wá ń dí ìmọ́lẹ̀ tó bá wá láti òkè tàbí ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ń wò, bí wọ́n ṣe ń yà á ní ìpele-ìpele wọnú lọ nìyẹn láìfi ọ̀bẹ kàn án. Marvin Minsky, bàbá AI yẹn náà, ló gba patent ẹ̀ ní 1961, ó yà mí lẹ́nu gan-an.

Dáì SYTO 9 àti propidium iodide ni wọ́n lò, bakitéríà tó wà láàyè ń tàn ní àwọ̀ ewé, èyí tó ti kú pupa. Òkè lọ́hùn-ún ni ọ̀pọ̀ ẹ̀gbin náà dì sí, ìwọ̀nba ló wọnú, SEM ò lè fi ìyẹn hàn mí báyẹn láé.

Àmọ́ confocal ò lè fi nǹkan tó bá kéré ju bíi 0.2 µm lọ hàn kedere. Ihò ultrafiltration (asẹ́ tí ihò ẹ̀ kéré gan-an) kéré ju ìyẹn lọ, ti RO (reverse osmosis, asẹ́ tó ń yọ iyọ̀ pàápàá kúrò nínú omi) ò tiẹ̀ ṣe é fẹnu sọ, nítorí náà ẹni tó bá ní òun á fi wọn ihò RO yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbowó yín padà. Membrane funfun tún máa ń tú ìmọ́lẹ̀ ká, tí àwòrán á fi ṣókùnkùn bó ṣe ń wọnú. Mo ní kí wọ́n fi glycerol rin èyí tí mi ò tíì lò, ó sì mọ́lẹ̀ sí i dáadáa.

Ibi tí wọ́n ti bí mi nínú ni fáìlì. JPEG lásán ni wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, kò sí scale bar (ìlà tó ń fi ìwọ̀n hàn lórí àwòrán), kò sí nǹkan kan, kí ni mo fẹ́ fi wọn ihò níbẹ̀? Ẹ yáa sọ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ pé fáìlì gidi tó jáde látinú ẹ̀rọ lẹ fẹ́, Fiji, sọ́fítíwià fún irú àwòrán bẹ́ẹ̀, á ṣí i, ọ̀fẹ́ sì ni.

Wákàtí ni wọ́n ń ka owó sí, torí ẹ̀ ẹ má kó sample jọ lọ síbẹ̀ láìmọ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Ẹ gbé e sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, kẹ́ ẹ sì fi fọ́ìlì wé e tẹ́ ẹ bá ti fi dáì sí i, ìmọ́lẹ̀ máa ń pa á.

Àwòrán 4/5, fáìlì 2/5. Ẹ̀yin oní-pure water tẹ́ ẹ ń bi mí bóyá ẹ̀yin náà nílò ẹ̀, rárá o, ẹ lọ pààrọ̀ cartridge yín jàre.