Ìrìn Ẹsẹ̀ Lójú Ọ̀nà Ẹrú ní Àgbádárìgì

Àwa mẹ́fà láti Ìkòròdú ni a gba afinimọ̀nà kan ní Àgbádárìgì pé kí ó mú wa fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí wọ́n ń kó ẹrú gbà lọ sí etí òkun, bí àwọn àtọmọdọ́mọ wa láti Bràsíìlì àti Amẹ́ríkà ṣe máa ń wá rìn ín láti bọ̀wọ̀ fún àwọn baba ńlá wọn. Ọjà Vlekete, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrú láyé àtijọ́, ni a ti bẹ̀rẹ̀, a dé ilé Ṣẹríkí Williams Abass, oníṣòwò ẹrú, a sì yà sí ilé ìdílé Mobee, níbi tí wọ́n kó ohun èlò òwò ẹrú pamọ́ sí, kí a tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Gbẹrẹfú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, kì í sì í kánjú. Nílé Ṣẹríkí, ó ní kí gbogbo wa wọ inú yàrá kan ṣoṣo, kí a dúró títí ooru yóò fi mú wa, lẹ́yìn náà ni ó tó sọ fún wa pé ogójì ènìyàn ni wọ́n ń há mọ́ irú yàrá bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo rí ẹ̀wọ̀n irin nílé Mobee, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Ní Gbẹrẹfú, ó bẹ̀ wá pé, “Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ títí a ó fi dé ìdí kànga.” Lórí iyanrìn gbígbóná náà, ìdákẹ́jẹ́ yẹn kọ́ mi ju àlàyé lọ. Kànga yìí ni wọ́n ní wọ́n ti ń fún àwọn ẹrú ní omi mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé, kí wọ́n tó gbéra ìrìnàjò àrèmábọ̀.

Àbùkù kan ṣoṣo ni mo rí, ó sì dùn mí púpọ̀: láti ọjà títí dé etí òkun, ìyà ni afinimọ̀nà wa ń ròyìn, kò mẹ́nu kan ìjà rárá. Ogun ni ó sọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn Yorùbá wọ̀nyẹn di ẹrú, pàápàá lẹ́yìn tí Òwu tú, tí ìjọba Ọ̀yọ́ náà sì ń dàrú, jagunjagun sì wà nínú wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, nínú àwẹ̀ Ràmàdáánì, àwọn ẹrú Mùsùlùmí, tí Yorùbá pọ̀ jù nínú wọn, dìde ogun sí àwọn olówó wọn ní ìlú Salvador ní Bràsíìlì. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, ẹni tí ó bá gbọ́ “Ìmàle” yóò mọ ibi tí orúkọ náà ti wá. Bí wọ́n bá tilẹ̀ mu nínú omi kànga náà, wọn kò gbàgbé. Èmi rò pé etí òkun yẹn gan-an, lábẹ́ òpó gíga méjì tí ó dojú kọ omi, ni ó yẹ kí àlejò ti gbọ́ èyí.

Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀, ó sì fi sùúrù gbọ́ mi.

Ẹni tí yóò bá lọ, kí ó tètè jí, kí ó wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, kí ó gbé omi dání, kí ó sì bá wọn sọ iye owó parí, owó ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú, kí ó tó gbéra. Ní tèmi, mo ti pinnu láti mú àwọn ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ afinimọ̀nà yìí kan náà, nítorí pé nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń padà bọ̀, ó yọ ìwé kékeré kan jáde, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kọ orúkọ ìlú yẹn àti ọdún náà síbí.”